Báwo lẹ ṣe ń pa olóòtú inú orí yín lẹ́nu mọ́?

Onígègé · Ọjọ́ Ajé, 7:42 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìtàn àròsọ ni mò ń kọ ní Yorùbá, orí kìíní ni mo sì ti ń yí láti oṣù méjì sẹ́yìn. Gbólóhùn kan kì í délẹ̀ kí n tó pa á rẹ́. Bí mo bá tẹ “oko” tán, ọwọ́ mi á padà lọ wá àmì tí yóò sọ ọ́ di “ọkọ̀”. Kí n tó rí i, ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e ti fò lọ. Bí àmì bá sì pé, ìbéèrè mìíràn á yọjú: ṣé Yorùbá nìyí, àbí Gẹ̀ẹ́sì ló wọ agbádá? Èyí tó tún wá burú jù ni pé mi ò lè ka ìwé ẹlòmíràn mọ́ láìmú bíírò lọ́wọ́.

Olóòtú kan ló jókòó sínú orí mi, kì í sì í gba ìsinmi. Báwo lẹ ṣe ń pa tiyín lẹ́nu mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo lè ṣe láàárọ̀ ọ̀la ni kí ẹ sọ. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n gba ara mi gbọ́.

Ayékọ̀ótọ́ · 8:05 àárọ̀

Yọ gbogbo àmì kúrò, ó parí. Tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: “oko re ti de lati oko”. Fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú 25, má jẹ́ kí ọwọ́ dúró títí yóò fi dún. Ìgbà tí orí náà bá parí lo tó padà wá fi àmì sí i. Àmì ohùn kọ́ ni ìtàn.

Tíṣà Àgbà · 8:51 àárọ̀

Ayékọ̀ótọ́, ẹ fẹ́ lu ìdí ọkọ̀ kí omi inú rẹ̀ lè jáde. Ẹ wo àpẹẹrẹ tí ẹ fúnra yín mú wá. Ṣé ọkọ rẹ ló dé láti oko ni, àbí ọkọ̀ rẹ, àbí ọkọ́ rẹ tí ẹnì kan yá lọ? Lónìí ẹ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ojú-ewé 40, ẹ ó máa wo ìwé ara yín bí ẹni ń wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ ní ẹ sún síwájú ti di méjì, torí ẹ ó kọ́kọ́ wá ohun tí ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ tó wá àmì tó yẹ ẹ́.

Ohun tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ ni pé àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ, ọ àti ṣ jẹ́ lẹ́tà tó dá dúró láàárín lẹ́tà 25 tí a ní. Ẹni tó bá kọ “e” níbi tí “ẹ” yẹ kó wà, lẹ́tà mìíràn ló kọ, bí ẹni kọ “b” níbi tí “gb” yẹ kó wà. Nítorí náà, ẹ má fi àwọn mẹ́ta yìí sílẹ̀ láé, kódà nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́.

Àmì ohùn ní tirẹ̀, kìkì ibi tí ìtumọ̀ ti máa sọnù ni kí ẹ fi í sí. Ibi méjì ló sì máa ń jẹ́ jù. Ọ̀kan ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń gbé gbólóhùn ró. “O lọ”, ìwọ ni. “Ó lọ”, òun ni. “Ò lọ”, kò sẹ́ni tó kúrò nílé. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní “o lọ”, odindi ojú-ewé á di àlọ́ àpamọ̀. Ìkejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ara wọn: ogun tí à ń jà, ogún tí bàbá fi sílẹ̀, Ògún onírin, oògùn tí à ń lò, òógùn ojú. Irú ọ̀rẹ́, ìyàwó, ọmọdé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ láìlámì. Kò sẹ́ni tó máa ṣì wọ́n kà. Ẹ tún rántí pé ohùn àárín kì í gba àmì rárá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ibi tí ọkàn yín ń lù kìkì ní tìtorí àmì, kò sí nǹkan kan tó yẹ kẹ́ ẹ fi síbẹ̀.

Ayékọ̀ótọ́ · 9:10 àárọ̀

Tíṣà, mo gbà lórí “o” àti “ó”. Mi ò gbà lórí àmì abẹ́. Ẹni tó ń tẹ̀ lórí fóònù gbọ́dọ̀ di “e” mọ́lẹ̀ kí “ẹ” tó yọ, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú gbólóhùn kan. Ibẹ̀ gan-an ni olóòtú ń gbà wọlé. Bí ìka bá ti dúró, ojú á padà sẹ́yìn.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà · 9:32 àárọ̀

Ẹ lè ní méjèèjì. Yorùbá ò ní c, q, v, x àti z. Bọ́tìnnì márùn-ún tó dùbúlẹ̀ lásán nìyẹn. Ẹ fi q dúró fún ẹ, x fún ọ, c fún ṣ. “Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ́nà ọjà” á di “Qgbxn cqcq kxja lxna xja”. Ó rí wúruwùru, àǹfààní tiẹ̀ nìyẹn: kò sẹ́ni tó ń bá ohun tó rí báyìí ṣe fínnífínní. Bí iṣẹ́ bá parí, Ctrl+H nínú Word (òun ló ń fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn), q sí ẹ, Q sí Ẹ, ẹ ṣe x àti c bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú Match case kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́tà ńlá àti kékeré lè dàrú.

Ohun kejì, ẹ pa ìlà pupa. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Yorùbá ń fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ẹ wá ń bi ara yín léèrè ìdí tí ọkàn ò fi balẹ̀. Nínú Word: File, Options, Proofing, ẹ yọ àmì tó wà níwájú Check spelling as you type àti Mark grammar errors as you type. Nínú Google Docs: Tools, Spelling and grammar, ẹ yọ Show spelling suggestions. Fóònù tó ń lo Gboard (àtẹ ìtẹ̀wé ti Google): ẹ wọ Settings rẹ̀, ẹ wá Auto-correction, ẹ pa á. Word tún ní ìwà kan: “i” tó bá dá dúró, ó máa ń sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá, “ki i” á di “ki I”. Inú àtòjọ AutoCorrect lẹ ti máa yọ ìyẹn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ tẹ “ẹ” gangan láti ìbẹ̀rẹ̀, Windows ní àtẹ Yorùbá tirẹ̀, Gboard náà ní. Lórí Mac, ẹ yan ABC Extended: Option pẹ̀lú x, kí ẹ wá tẹ “e”, “ẹ” á jáde. Ẹ fi ọjọ́ kan kọ́ ọ lọ́tọ̀, lọ́jọ́ tí ẹ ò ní kọ ìtàn kankan.

Atẹ̀wé · 10:18 àárọ̀

Ọgbọ́n q yẹn dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń jáni. Bí ẹ̀dá ìtàn yín bá ń jẹ́ Abdulrazaq, ilẹ̀ á mọ́ tán, á bá ara rẹ̀ tó ti di Abdulrazaẹ. Facebook á di Faṣebook. Nítorí náà, ẹ má kàn tẹ Replace All (tó ń rọ́pò gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) bí ẹni dijú. Ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà dípò orúkọ àjèjì, bíi 001, 002, kí ẹ dá wọn padà nígbẹ̀yìn.

Ẹ sì ṣe ìyípadà yẹn kí àmì ohùn tó wọlé, ẹ má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́tà “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode (ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà), ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní. Ẹ̀rọ á gbé “ẹ” kalẹ̀, á wá gbé àmì òkè lé e lórí. Àtẹ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ láti orí é, á wá fi àmì sí i lábẹ́. Lójú àwa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bí ẹ bá sì wá ọ̀kan, kò dájú pé ẹ máa rí èkejì. Ìdí kan náà ló fà á tí bọ́tìnnì ìpaǹkanrẹ́ fi máa ń mú àmì òkè nìkan lọ nígbà mìíràn, tí lẹ́tà á ṣẹ́kù. Ẹni tó bá ń tún àmì tẹ̀ láàárín gbólóhùn ń tẹ bọ́tìnnì ju bó ṣe rò lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni àmì ìfidípò. Ẹ fi zz ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sá, ẹ má dúró wá a, ẹ má ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ tẹ zz, ẹ ṣàpèjúwe ohun tí ẹ ń wá, ẹ máa lọ: “Alágbẹ̀dẹ fi zz-ohun-ìmú-irin-gbígbóná yọ ọkọ́ nínú iná.” Nírọ̀lẹ́, Ctrl+F, zz, ẹ ó rántí pé ẹmú ni. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní zz nínú; Azeez pàápàá kò ní í kó sí i, z rẹ̀ méjèèjì kò fara kanra. Ẹ má lo “??” tàbí “...”, torí àwọn yẹn ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ìtàn.

Ẹ lè pín in sí mẹ́ta. Zz lásán fún ọ̀rọ̀ tó sá. Zzi fún ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ lọ wádìí, bí ọdún tàbí orúkọ àdúgbò. Zzg fún gbólóhùn tí ẹ fura sí pé Gẹ̀ẹ́sì ló bí i. Olóòtú inú máa ń dákẹ́ bó bá rí i pé wọ́n ti kọ ẹjọ́ òun sílẹ̀.

Agbohùnsílẹ̀ · 11:40 àárọ̀

Gbogbo yín kàn ń tẹ̀ ṣáá. Ẹnu ni kí ó fi sọ ọ́ jàre. Ẹnu kì í ṣi ohùn. Ọwọ́ ló ń ṣì í.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ ṣí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ inú fóònù, ẹ pa dátà kí ìpè má wọlé lórí WhatsApp. Ẹ kọ ohun mẹ́rin péré sórí pépà: ta ló wà níbẹ̀, kí ló fẹ́, kí ló dínà rẹ̀, níbo ló parí sí. Ẹ sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dojú kọ ẹnì kan lọ́kàn yín, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, bí àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá ṣì í sọ, ẹ má dá a dúró, ẹ tún un sọ, ẹ tẹ̀síwájú. Ẹ má gbọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ìgbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìṣẹ́jú 10 ohùn lè gba wákàtí kan gbáko lórí àtẹ, olóòtú á sì fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tí etí gbọ́ nìkan ni kí ẹ tẹ̀. “Ṣé o rí i”, “àní”, “ẹ wá wò ó”, gbogbo ẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀, ẹ ó gé wọn lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹlẹ́wì · 12:25 ọ̀sán

Agbohùnsílẹ̀ sọ òótọ́ kan, ó sì fi òmíràn sílẹ̀. Ẹnu máa ń ṣàdéédéé rọ́ ìtàn gùn. Ohun tí ojú-ewé kan tó fún, ẹnu á fi mẹ́rin sọ ọ́, torí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń retí “ẹn-hẹn” kò sì gbọ́ ọ, ó ń tún un sọ. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n ṣáájú, kó má baà rò pé iṣẹ́ òun kò dára nígbà tó bá rí bí ó ṣe gùn.

Ti ewì sì yàtọ̀ pátápátá o. Gbogbo ìmọ̀ràn “fi àmì sílẹ̀” yìí, ẹ má gbé e dé ọ̀dọ̀ akéwì. Nínú ìtàn àròsọ, àmì ń ṣọ́ ìtumọ̀. Nínú ewì, ohùn gan-an ni ọjà tí à ń tà: ìlà kan á sọ̀ kalẹ̀ níparí, ìlà kejì á gòkè, etí á gbádùn rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ohùn, kò sí nǹkan kan lórí pépà. Akéwì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bíírò títí ìlà mẹ́rin sí mẹ́fà yóò fi lè ti ẹnu jáde lẹ́ẹ̀mẹta láìyí padà. Ìlà tó bá ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń sọ ọ́, inú ibẹ̀ ni àléébù wà. Olóòtú yìí, etí ni, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́.

Ayékọ̀ótọ́ · 12:31 ọ̀sán

Onígègé kò sọ pé ewì lòun ń kọ.

Ẹlẹ́wì · 12:40 ọ̀sán

Ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ kan lè ki oríkì. Bó bá débẹ̀ nìkan.

Ìyá Olùkàwé · 2:03 ọ̀sán

Onígègé ọmọ mi, gbogbo wọn ti dáhùn ti kíkọ, kò sẹ́ni tó mú ti kíkà. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi bíírò ka ìwé ẹlòmíràn lọ́sàn-án, bíírò yẹn náà ni yóò bá sùn, òun ni yóò bá jí.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí ò ń ka. Bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú àkọtọ́ òde òní tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974, wàá bá “aiye”, “enia”, “nwọn”, “yio”, “obirin”, “on” nínú rẹ̀. Wọn kò ṣì í kọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé ìgbà náà nìyẹn. Olóòtú inú kò mọ ọdún, ohun gbogbo ló ń fi òfin òní dá lẹ́jọ́. Yí sí ẹ̀yìn àkọlé, wo ọdún tí ìwé jáde, sọ ọ́ sétí ara rẹ kí o tó ka ojú-ewé kìíní. Tún ka ojú-ewé méjì àkọ́kọ́ sókè ketekete. Bí ẹnu bá ti gba “nwọn” bíi “wọ́n” nígbà bíi mélòó kan, ojú kò ní í kọsẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, yà á sọ́tọ̀: kíkà àkọ́kọ́, ọwọ́ òfìfo. Bíírò wà ní yàrá kejì. Bí nǹkan kan bá dùn ọ́ tàbí bí ọ nínú, ṣẹ́ etí ojú-ewé yẹn, máa lọ. Bí o bá kórìíra ṣíṣẹ́ ìwé, gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Orí kan gbọ́dọ̀ parí kí o tó padà sí ibi tí o ṣẹ́. Wàá rí i pé púpọ̀ nínú ohun tó bí ọ nínú, oò rántí ohun tó jẹ́ mọ́. Èyí tí o bá ṣì rántí ni ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Kíkà kejì ni bíírò tó wọlé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o sì gbé lọ síbẹ̀, bíi “báwo ni òǹkọ̀wé yìí ṣe ń mú ènìyàn wọ yàrá?” Bí ìbéèrè bá di márùn-ún, o ti padà di olóòtú nìyẹn.

Má ka ìwé Yorùbá tó wuyì ní wákàtí kan náà tí o fẹ́ kọ tìrẹ. Kà á lálẹ́, kí o kọ̀wé láàárọ̀. Tí o bá kà á tán tí o sì jókòó kọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbólóhùn tó ti pé, tí wọ́n ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá, ni wàá máa fi wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ rẹ.

Bí ẹ̀rọ bá sì ń dà ọ́ láàmú jù, ra ìwé àjákọ 60 leaves tí à ń rà fún ọmọ iléèwé. Kọ sí ojú kan, fo ìlà kan láàárín ìlà méjì. Má pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ju kí o fa ìlà kan lé e lórí lọ. Ìlà tí o fò yẹn ni ilé olóòtú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wàá gbà á láyè kó wọ ibẹ̀.

Tíṣà Àgbà · 3:15 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n padà sí zzg tí Atẹ̀wé mú wá. Mi ò rò pé ó yẹ ká kan sàmì sí gbólóhùn tí Gẹ̀ẹ́sì bí, ká sì kọjá. Ọ̀kan máa ń bí òmíràn. Ẹni tó bá kọ “ó ní ìmọ̀lára ìbànújẹ́”, gbólóhùn tó máa tẹ̀ lé e á wọṣọ kan náà: “èyí tí ó mú ìpinnu wá”, “ìwé náà ni a kọ nípasẹ̀ rẹ̀”. Kí ojú-ewé tó parí, ẹ̀dá ìtàn ti di òṣìṣẹ́ báńkì. Ibẹ̀ ni olóòtú inú ti ní ẹ̀tọ́ láti pariwo.

Atẹ̀wé · 3:40 ọ̀sán

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Tíṣà, ìdúró gan-an ló ń fa Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Bí ọwọ́ bá ń lọ, “inú rẹ̀ bàjẹ́” ló máa jáde, torí òun ló sún mọ́ ẹnu jù. Ìgbà tí èèyàn bá dúró wá ọ̀rọ̀ tó “ga” ni “ìmọ̀lára ìbànújẹ́” máa ń yọjú. Ẹ wo ojú-ewé èyíkéyìí tí wọ́n fi ìṣọ́ra kọ, kí ẹ ka iye “nípasẹ̀” tó wà níbẹ̀.

Tíṣà Àgbà · 4:02 ọ̀sán

Ó jẹ́ òótọ́ fún ẹni tó ń sọ Yorùbá nílé. Ẹni tó ti fi Gẹ̀ẹ́sì ronú láti kékeré, bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, àti nílé níbí náà, Gẹ̀ẹ́sì ló sún mọ́ ẹnu tirẹ̀. Ọwọ́ kíákíá kò ní í gbà á là.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tó dára ju ìdúró àti ju zzg lọ ni ìpalẹ̀mọ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀, kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ara ẹ̀dá ìtàn nínú ìran náà. Lára ni Yorùbá máa ń gbé ìmọ̀lára sí: inú rẹ̀ bàjẹ́, ojú tì í, àyà rẹ̀ já, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, orí rẹ̀ wú, ara rẹ̀ yá gágá. Bí inú, ojú, àyà, ọkàn, orí àti ara bá ti wà lórí pépà níwájú rẹ̀, ọwọ́ á mọ ibi tó máa gbà. Ti “nípasẹ̀” náà ní àtúnṣe tó rọrùn: ẹni tó ṣe é ni kó ṣáájú. “Òjó ló kọ ìwé náà.” Kò lé ní ọ̀rọ̀ márùn-ún.

Atẹ̀wé · 4:10 ọ̀sán

Èyí mo gbà. Pépà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, kì í ṣe ìdúró láàárín iṣẹ́. Zzg ṣì wà fún èyí tó bá yọ́ kọjá.

Ayékọ̀ótọ́ · 5:26 ìrọ̀lẹ́

Ohun kan tí ẹ gbàgbé ni gbèdéke. Ní 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ ìtàn jáde ní ìpín-ìpín nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọjọ́ ìtẹ̀wé bá pé, ìpín ti gbọ́dọ̀ délẹ̀. Wá èèyàn mẹ́ta, sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ 800 ń bọ̀ lórí fóònù wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ìyá Olùkàwé · 5:50 ìrọ̀lẹ́

Kó ṣọ́ra níbẹ̀ o. Èèyàn mẹ́ta lè di olóòtú mẹ́ta. Kó sọ fún wọn ṣáájú pé ohun méjì péré ni kí wọ́n dá padà: ibi tó sú wọn, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ò ti yé wọn. Ẹni tó bá fi àtúnṣe àmì ránṣẹ́, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ títí ìwé á fi parí. Ẹni yẹn á wúlò gan-an nígbà tó bá yá.

Onígègé · 8:30 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ohun tí mo mú: àmì abẹ́ máa wà (màá fi q àti x dán an wò), àmì ohùn lórí o, ó, ò àti àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra nìkan, zz fún ohun tó bá sá, pépà inú-ojú-àyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìlà pupa ti kú báyìí báyìí. Ìbéèrè méjì ló kù. Bí mo bá jókòó lọ́jọ́ kejì, ṣé kí n ka ti àná? Ibẹ̀ ni mo máa ń kú sí. Ìkejì, bí zz bá pọ̀ jù ńkọ́?

Ìyá Olùkàwé · 8:44 alẹ́

Ìlà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nìkan. Fi pépà bo òkè. Bó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ ni, ṣí fáìlì tuntun lójoojúmọ́, kí o da ìlà mẹ́ta yẹn sí orí rẹ̀. Kò ní í sí ibi tí ojú máa yí lọ. Kí o sì dáwọ́ dúró lálẹ́ níbi tí o ṣì mọ ohun tó kàn, àní ní àárín gbólóhùn. Gbólóhùn tí kò parí máa ń pe ọwọ́ ju ojú-ewé òfìfo lọ.

Atẹ̀wé · 9:02 alẹ́

Lórí zz: bí mẹ́ta mẹ́rin bá wà lójú-ewé kan, kò burú. Bí wọ́n bá ń lọ sí mẹ́wàá, wo irú tí wọ́n jẹ́. Bí zzi ló pọ̀, oò mọ ibi tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀ tó. Dá kíkọ dúró fún ọjọ́ kan, lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí zz lásán ló pọ̀, tó sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ni, àgbẹ̀dẹ tàbí aró dídá, jókòó ti ẹni tó ń ṣe é, kí o kọ orúkọ ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó padà sí ìran yẹn.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà · 9:15 alẹ́

Kó o tó tẹ Replace All kankan, ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí o fi ọjọ́ sí orúkọ rẹ̀. Bí Abdulrazaq bá wà nínú ìtàn, wàá dúpẹ́.